Bí Jẹdidáyà Apẹlẹ́dẹ̀ Ṣe Fi Ohùn Kan Ṣoṣo Ṣẹ́gun ní Gílíádì Tuntun

Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀, kó dìde jókòó. Ẹni tí ó bá jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀, nítorí orúkọ tí mo fẹ́ dá báyìí kì í ṣe orúkọ tí à ń fi ẹnu tí ẹ̀pà ṣì wà nínú rẹ̀ pè. Jẹdidáyà ni. Jẹdidáyà ọmọ Éfúráímù, Éfúráímù ọmọ Nátánì. Ọmọ a-ké-létí-odò-kí-ará-òdìkejì-ta-gìrì, ọmọ a-wúkọ́-lójúde-kí-ajá-abúlé-mẹ́ta-máa-gbó, ọmọ ọ̀fun tí í jí àkùkọ kí àkùkọ tó jí ènìyàn. Apẹlẹ́dẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ohùn tí ń rin máìlì méjì láì gun ẹṣin.

Nátánì, bàbá bàbá rẹ̀, ni ó dúró létí odò lọ́jọ́ òjò kan, tí ó ké sí ọlọ́kọ̀ pé kí ó wá gbé òun sọdá, tí ọkọ̀ mẹ́ta sì dé láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Éfúráímù, bàbá rẹ̀, ni ó pe ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò bá wọn wá, tí ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Adájọ́ yẹ òfin wò láti òkè dé ilẹ̀, ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n ti ní kí ènìyàn má pe ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ni yóò jọ. Nígbà tí wọ́n bí Jẹdidáyà, ẹkún àkọ́kọ́ tí ó sun ni ó mú kí agbẹ̀bí gbàgbé ohun tí ó ń ṣe.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà láyé, wọ́n sì fẹ́ràn ẹjọ́. Gílíádì Tuntun ni wọ́n ń pe abúlé náà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ni ó wà níbẹ̀, ilé ìtajà kan, ilé ọlọ kan lórí òkè, àti ẹlẹ́dẹ̀ tí ó pọ̀ ju ènìyàn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọdún náà ni wọ́n fẹ́ yan gómìnà.

Ìbò tiwọn nígbà náà kì í ṣe ìka tí a tì bọ tàdáwà, kì í ṣe ìwé tí a ká sínú àpótí. Ẹnu ni wọ́n fi ń dì í. Ọkùnrin yóò gun àtẹ̀gùn ilé ìtajà, yóò dúró níwájú olùdarí ìbò àti akọ̀wé rẹ̀, yóò la ẹnu gbàà lójú ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá, yóò pe orúkọ ẹni tí ó fẹ́, akọ̀wé yóò kọ ọ́, èrò yóò hó. Òfin wọn sọ ọ́ kedere pé ohùn ni ìbò. Ẹni tí kò bá pe orúkọ kò dìbò. Kí n tó gbàgbé, kì í ṣe gbogbo ẹnu ni òfin náà kà sí ẹnu. Obìnrin kò gbọdọ̀ dìbò. Àwọn ènìyàn dúdú, tí àwa mọ ilé tí wọ́n ti kó àwọn baba wọn, kò gbọdọ̀ dìbò. Ó ń dùn mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n akọni mi kọ́ ni ó ṣe òfin, ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń sìn. Ẹ jẹ́ ká máa bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn méjì ni wọ́n ń du ipò náà. Èkínní ni Ẹ́sírà Pọ́ọ̀tì, agbẹjọ́rò kan tí ó rí tínínrín, tí orúkọ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń jẹun lọ́wọ́ lè pè é láì dá òkèlè dúró. Èkejì ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tìófílù Kíríténbọ̀, ọ̀gá sójà àtijọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ lè gbálẹ̀ yàrá, tí ó ṣèlérí pé bí òun bá wọlé, ẹrẹ̀ yóò kúrò ní gbogbo ojú ọ̀nà ìpínlẹ̀ náà. Kíríténbọ̀ yìí gba Gílíádì Tuntun kọjá lẹ́ẹ̀kan péré lórí ẹṣin. Ó rí Jẹdidáyà lẹ́bàá ọgbà, ó juwọ́ sí i, ó ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ sanra." Ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ni Jẹdidáyà ti di ẹrú ìfẹ́ fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ènìyàn ti bá ọba lọ sógun, tí kò sì padà wálé, lórí ọ̀rọ̀ tí kò dùn tó ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni akọni yìí fi ké orúkọ náà. Ó ké e lórí òkè ní ìdájí, ó ké e lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bí wọ́n ti ń ṣe àdúrà ìparí, ó ké e sínú kànga láti gbọ́ bí yóò ti rí nígbà tí ó bá dé ilé ìjọba. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rí i pé oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ń gba àkókò ìpolongo lọ́wọ́ òun, ó bá pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Ó gbé igbe tí bàbá rẹ̀ fi ń pe ẹlẹ́dẹ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ gómìnà pè wọ́n. "Kíríténbọ̀ọ̀ọ̀!" ni yóò ké létí ọgbà, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tàdínlógójì yóò sì tú yáyá dé ìdí ọpọ́n oúnjẹ. Mehitábẹ́lì, ìyàwó rẹ̀ tí ó bí Hánà fún un, ní kí ó ṣe pẹ̀lẹ́, pé bí Kọ́nẹ́ẹ̀lì bá gbọ́, ó lè má mọ̀ ọ́n sí ìyìn. Jẹdidáyà ní ìfẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n akọni tí kò ní ọ̀tá, iṣẹ́ ni ó ń ṣe, kì í ṣe ogun. Ọ̀tá Jẹdidáyà ni Sílà, ẹ̀gbọ́n Mehitábẹ́lì, ẹni tí ó ni ilé ọlọ orí òkè. Ọdún méjìlá ni Sílà ti ń sọ níbikíbi tí ènìyàn méjì bá ti dúró pé, "Àbúrò mi kò fẹ́ ọkọ. Ọ̀nà ọ̀fun ni ó fẹ́." Èrò a bú sẹ́rìn-ín. Jẹdidáyà pàápàá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dé egungun, nítorí pé ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé bóyá òótọ́ ni.

Àṣà wọn ní àsìkò ìbò ni láti fi ìtìjú ta tẹ́tẹ́. Sílà, tí ó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Pọ́ọ̀tì, àti Jẹdidáyà ta tiwọn lójú gbogbo ìjọ. Ẹni tí ẹni tirẹ̀ bá fìdí rẹmi ní Gílíádì Tuntun yóò gbé ẹnìkejì sínú bárò, irú èyí tí àwa fi ń kó yanrìn, yóò tì í láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gun òkè títí dé ilé ọlọ. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n tì yóò dìde nínú bárò, yóò sọ ohun tí ó bá wù ú fún gbogbo èrò, ẹni tí ó tì í kò sì gbọdọ̀ fèsì títí ayé. Sílà tóbi. N kò sọ ọ́ láti fi bú u. Ìjókòó tí ènìyàn mẹ́ta ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ni í kún un. Àmọ́ kì í ṣe òkè ni ó ń já Jẹdidáyà láyà. Ohun tí Sílà yóò sọ lórí òkè ni, níwájú Mehitábẹ́lì, tí òun kò ní lè fèsì sí láéláé. Òun náà sì ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ojú ìwé mẹ́sàn-án, bí òun bá borí. Ọdún méjìlá ni ó wà nínú ìwé náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ìbò, abo ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Jésébẹ́lì gbọ́ orúkọ gómìnà, ara rẹ̀ yá ju ti àwọn yòókù lọ, ó sì tẹ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún Jẹdidáyà mọ́lẹ̀. Ìka náà wú, ó dúdú bí èédú. Akọni wa kò kà á sí. Ó fi ẹsẹ̀ kan ṣe ìpolongo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó fi ẹsẹ̀ kan náà kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, ọjọ́ ìbò pé. Jẹdidáyà jáde sójúde, ó gbé àyà sókè, ó la ẹnu láti fi orúkọ Kíríténbọ̀ kí oòrùn káàárọ̀. Ohun tí ó jáde ni "hẹ̀ẹ̀." Ó tún un ṣe. "Hẹ̀ẹ̀." Ohùn ti há. Ohùn ti lọ. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó: ọkùnrin tí ó fi ohùn kọ́ ilé fún Kíríténbọ̀ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, lọ́jọ́ ìṣílé kò rí èyí tí yóò fi kan ilẹ̀kùn. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń wò ó, ó ń wò wọ́n.

Mehitábẹ́lì ṣe ohun tí obìnrin ìlú wọn mọ̀. Ó po oyin mọ́ ọtí kíkan, ó fún un mu. Ó se àlùbọ́sà, ó ní kó fa èéfín rẹ̀ símú. Ó fi ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ pa á lọ́rùn, ó sì fi ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tirẹ̀ wé e. Títí di ọ̀sán, "hẹ̀ẹ̀" náà ni. Ní agogo mẹ́rin, akọni ìran a-ké-létí-odò tiro lọ sí ilé ìtajà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn.

Nígbà tí ó débẹ̀, gbogbo ọkùnrin abúlé ti dìbò tán àfi òun. Akọ̀wé ka iye rẹ̀ sókè: Pọ́ọ̀tì ní ọ̀kànlélọ́gọ́ta, Kíríténbọ̀ ní ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Ariwo sọ. Ohùn kan ni ó kù ní gbogbo Gílíádì Tuntun, ti ọkùnrin tí kò ní ohùn sì ni. Bí orúkọ kò bá sì jáde kí oòrùn tó kan òrùlé ilé ọlọ, ìbò parí. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé bí iye bá dọ́gba, ẹni tí kò dìbò nínú àwọn méjèèjì ni yóò ti bárò. Sílà ti gbé bárò wá. Ó ti tẹ́ ìrọ̀rí sínú rẹ̀.

Olùdarí ìbò ni Ọ̀gbẹ́ni Habakúkù Lẹ́mpì, àgbàlagbà kan tí ó fẹ́ràn òfin bí àwọn mìíràn ti ń fẹ́ràn ọtí. Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Jẹdidáyà, ta ni ẹ yàn ní gómìnà?"

"Hẹ̀ẹ̀," ni Jẹdidáyà wí.

Akọ̀wé kò kọ nǹkan kan. Jẹdidáyà fa irùngbọ̀n gígùn kan tí kò sí níbẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀ dé ìdodo. Ó gun ẹṣin tí kò sí níbẹ̀. Ó juwọ́, ó nawọ́ sí ẹlẹ́dẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó fi hàn pé ó sanra. Habakúkù mi orí.

"Mo mọ ẹni tí ẹ fẹ́," ni ó wí. "Ajá mi mọ ẹni tí ẹ fẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni n kò sùn dáadáa nítorí ẹni tí ẹ fẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹ pè é."

Sílà na ẹsẹ̀ láti orí àga tí ó jókòó sí. Ó ní, "Ẹ má dà á láàmú. Ọ̀nà ọ̀fun ti dí. Àbúrò mi kò wá ní nǹkan kan mọ́."

Èrò rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí Jẹdidáyà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Omijé lé sí i lójú, ó sì yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i. Ṣùgbọ́n Mehitábẹ́lì rí i. Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni ó wà, níbi tí àwọn obìnrin máa ń dúró sí lọ́jọ́ ìbò, ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wo oòrùn, tí ó ku ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kó kan òrùlé ilé ọlọ.

Ẹ̀yin ọ̀gágun ayé, tí ẹ ti fi ẹṣin la odò kọjá, tí ẹ ti fi àkàbà gun odi ìlú lábẹ́ òkò, ẹ fàyè sílẹ̀ díẹ̀. Àtẹ̀gùn márùn-ún ni ó wà níwájú ilé ìtajà Gílíádì Tuntun; láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án, bàtà obìnrin kò tẹ̀ ẹ́ rí lọ́jọ́ ìbò. Mehitábẹ́lì ká aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀, ó gun ún.

Habakúkù dìde. Ó ní, "Ìyá Hánà, obìnrin kì í gun ibí lónìí."

"N kò wá dìbò, sà," ni Mehitábẹ́lì wí. "Ìbọ̀sẹ̀ mi ni mo wá gbà."

Habakúkù ronú lọ, ó ronú bọ̀, kò rí ibi tí òfin ti ka ìbọ̀sẹ̀ léèwọ̀. Ó jókòó. Obìnrin náà dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó tú ìbọ̀sẹ̀ lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó wò ó lójú, ó ní, "Bàbá Hánà, ẹ má bínú." Ó gbé gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀, tí wọ́n fi igi líle ṣe, tí wọ́n kan irin mọ́ nídìí, ó gbé e lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún Jẹdidáyà, èyí tí Jésébẹ́lì ti tẹ̀, ó sì dúró lé e lórí bí ẹni tí ó fẹ́ mú nǹkan lókè àjà.

Ọkùnrin mìíràn ì bá ké yéè. Ọkùnrin mìíràn ì bá pe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti lé gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn jáde kúrò nínú ọ̀fun yẹn, ẹyọ kan ni ó kù níbẹ̀, òun náà ni ìrora bá, òun náà ni ó gbé jáde láti ìka ẹsẹ̀ gba orókún, gba ikùn, gba àyà, ohùn Nátánì nínú rẹ̀, ohùn Éfúráímù nínú rẹ̀, ohùn ìran mẹ́ta tí ó dúró sẹ́yìn ahọ́n kan:

"KÍRÍTÉNBỌ̀Ọ̀Ọ̀Ọ̀!"

Tàdáwà akọ̀wé dànù. Ẹṣin tí wọ́n so mọ́ òpó já, ó wá ibòmíràn lọ. Sílà bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ìró kan lókèèrè bí ẹni ń da iṣu sílẹ̀ lórí pákó. Ìró náà ń bọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tàdínlógójì ni, wọ́n ti wó ọgbà, Jésébẹ́lì ni ó ṣíwájú; wọ́n la àárín èrò kọjá, wọ́n dúró níwájú àtẹ̀gùn, wọ́n gbé imú sókè, wọ́n ń retí oúnjẹ.

"Ẹ kò gbọdọ̀ kà á!" ni Sílà pariwo láti ilẹ̀. "Ìrora ni ó dìbò yẹn, òun kọ́!"

Habakúkù ṣí ìwé òfin. Ó ka ojú ìwé kan, ó fi itọ́ sí ìka, ó ka òmíràn. Oòrùn fara kan òrùlé ilé ọlọ. Ó pa ìwé dé.

"Òfin ní kí orúkọ ti ọ̀fun olùdìbò jáde," ni ó wí. "Kò béèrè ohun tí ó tì í jáde. Mo gbọ́ ọ, akọ̀wé gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí mẹ́tàdínlógójì sì wá láti ilé nítorí pé wọ́n gbọ́ ọ. Akọ̀wé, kọ ọ́."

Méjìlélọ́gọ́ta sí ọ̀kànlélọ́gọ́ta. Ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má ti lọ.

Sílà ti bárò. Mo jẹ́rìí fún un pé kò yan ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ó tì í láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òógùn bò ó, Jẹdidáyà jókòó lórí ìrọ̀rí tí wọn kò tẹ́ nítorí tirẹ̀, ẹsẹ̀ dúdú náà nà síwájú bí àsíá, èrò tẹ̀ lé wọn, ẹlẹ́dẹ̀ tẹ̀ lé èrò. Wọ́n dé ilé ọlọ. Akọni dìde nínú bárò. Ó fa ojú ìwé mẹ́sàn-án yọ lápò. Ó la ẹnu.

"Hẹ̀ẹ̀."

Gbogbo èyí tí ó kù ni ó ti ná lórí àtẹ̀gùn. Ó tún gbìyànjú, kò sí. Sílà, tí kò gbọdọ̀ fèsì, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọdún méjìlá náà. Jẹdidáyà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan, ó fa Mehitábẹ́lì lọ́wọ́, ó gbé e sínú bárò, ó sì na ojú ìwé mẹ́sàn-án sí i.

Obìnrin náà ka ìlà àkọ́kọ́. Ó ká ìwé náà, ó kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí Sílà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "òótọ́ ni ẹ ń sọ láti ọjọ́ yìí. Ọ̀nà ọ̀fun ni mo fẹ́. Òfin kò fún mi ní tèmi, mo sì nílò ọ̀kan."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Sílà kò ṣẹ̀fẹ̀ náà mọ́ títí ó fi kú. Jẹdidáyà tiro lọ sílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹni tí ó rí i ní ó ń sunkún, òun nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé ìròyìn dé láti olú ìlú. Kíríténbọ̀ ti fìdí rẹmi ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú ohùn ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Pọ́ọ̀tì wọlé, ẹrẹ̀ sì wà ní ojú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kò mọ̀ títí ayé rẹ̀ pé ibì kan wà tí àwọn kan ti ń sáré tí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ òun, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Nítorí náà, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí kéde fún ọmọ aráyé, láti etí òkun wa dé etí òkun tiwọn: ní ọjọ́ Ajé kan, kí oòrùn tó kan òrùlé ilé ọlọ, Jẹdidáyà ọmọ Éfúráímù ọmọ Nátánì gba Gílíádì Tuntun. Kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kò sun ilé, ọgbà kan ṣoṣo ni ó wó, tirẹ̀ sì ni. Òfin wọn ní ohùn ni ìbò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ léèrè ẹni tí ó dì í.